Àlejò Tí A Kò Kan Ilẹ̀kùn Rẹ̀

Ẹ̀yin alábòójútó ilé ọnà, ẹ̀yin oníṣẹ́-ọnà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó yín gbé iṣẹ́ ọnà ró, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní rẹ́sídẹ́ńsì, ètò tí ilé ọnà òde-òní fi ń gba oníṣẹ́-ọnà sílé láti wá ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ pè mí, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti jẹ́ àlejò nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti wà lára àwọn tó ń gba àlejò. Mo ṣàṣìṣe níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe gẹ́gẹ́ bí onílé ló dùn mí jù, n ó sì sọ ọ́ fún yín kí n tó jókòó.

Nítorí àwọn tí ètò náà ṣàjèjì sí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ilé ọnà á kéde pé òun fẹ́ gba oníṣẹ́-ọnà lálejò. Àwọn tó bá fẹ́ á kọ̀wé, wọ́n á fi fọ́tò iṣẹ́ wọn ránṣẹ́, ìgbìmọ̀ kan á sì yàn nínú wọn. Ẹni tí wọ́n bá yàn á rí yàrá tí yóò máa sùn, á rí sítúdíò tí yóò ti máa ṣiṣẹ́, á rí owó àtijẹ-àtimu, wọ́n á sì dá ọjọ́ fún un: ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù mẹ́ta, ọdún kan, níbòmíràn ọdún méjì. Ó lè jẹ́ ayàwòrán, ó lè jẹ́ agbẹ́gilére, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń fi fídíò tàbí ohùn ṣiṣẹ́. Á di ẹrù rẹ̀, á kúrò nílé, á wá. Ìgbàlejò ni èmi máa ń pè é, nítorí orúkọ yẹn kò jẹ́ kí n gbàgbé pé ẹni méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó wá àti ẹni tó gbà á, àti pé ọwọ́ ẹni tó gbà á ni ọ̀bẹ àti iṣu wà.

Ohun kan ṣoṣo ló gbé mi wá síbí. Nínú gbogbo ohun tí ilé ọnà ń fún àlejò rẹ̀, àkókò ló níye lórí jù. Òun náà sì ni onílé máa ń fi ọwọ́ kan fún un, tí á tún fi ọwọ́ kejì gbà padà, tí kò sì ní mọ̀ pé òun gbà á.

Ní ọdún 1907, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Peterborough, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Edward MacDowell tó máa ń kọ orin sílẹ̀ fún àwọn akọrin, àti ìyàwó rẹ̀ Marian tó máa ń tẹ dùùrù, sọ oko wọn di ibi tí àwọn oníṣẹ́-ọnà lè wá máa ṣiṣẹ́. Ó ti yé Edward pé inú ahéré onítìí-igi tó wà nínú igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pè é, ni orin òun ti máa ń jáde dáadáa. Kò pẹ́ rárá tó fi kú, ní ọdún 1908. Marian ló gbé ẹrù náà. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tẹ dùùrù níwájú èrò kí ó lè rí owó fi kọ́ sítúdíò mìíràn sínú igbó náà, ó sì wà láyé títí di ọdún 1956. Lónìí, sítúdíò tó wà níbẹ̀ lé ní 30. James Baldwin, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ara ògiri sítúdíò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé pátákó igi kọ́ sí, ẹni tó bá ti lo ibẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó náà kó tó lọ.

Ṣùgbọ́n ti agbọ̀n ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Lọ́sàn-án, ẹnì kan á di oúnjẹ sínú agbọ̀n, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà sítúdíò kọ̀ọ̀kan, á rọra gbé e kalẹ̀, á sì yí padà. Kì í kan ilẹ̀kùn. Kì í bèèrè pé báwo ni iṣẹ́ ń lọ sí. Ẹni tó wà nínú lè máa kọ̀wé lọ́wọ́, ó lè máa sunkún, ó lè máa sùn. Agbọ̀n ti dé, ó parí. Ẹ má rò pé oúnjẹ ni mo ń sọ o. Ohun tí agbọ̀n yẹn ń wí fún àlejò ni pé: a mọ̀ pé o wà níbẹ̀, a ò gbàgbé rẹ, a ò sì ní da ọkàn rẹ rú. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí onílé lè bá àlejò sọ.

Kì í ṣe agbọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀. Ní ọdún 1666, Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, àti mínísítà rẹ̀ Colbert dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Róòmù, wọ́n sì ń rán àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán àti agbẹ́rekúta lọ síbẹ̀. Ọba pèsè ilé, ó pèsè oúnjẹ, ó pèsè olùkọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní láti ṣe ẹ̀dà àwọn ère àtijọ́ àti àwòrán ńláńlá tó wà ní Róòmù, kí wọ́n sì kó o ránṣẹ́ sí ọba láti fi ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tó yá, ó di dandan kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Párísì lọ́dọọdún, kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ wò ó, kí wọ́n sọ bóyá ọmọ náà ń tẹ̀síwájú tàbí kò tẹ̀síwájú. Ní 1803 ni wọ́n kó lọ sí Villa Medici, ilé ńlá kan ní Róòmù níbẹ̀, ilé náà sì ń gba oníṣẹ́-ọnà lálejò títí di òní. Ìdíje ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa lọ, obìnrin kò sì láǹfààní láti díje rárá títí di ọdún 1903. Ní 1911 ni agbẹ́rekúta Lucienne Heuvelmans di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn tó ń gbéni lọ síbẹ̀. Wọ́n fòpin sí ìdíje náà ní 1968.

Orísun méjì ni ìgbàlejò ní, nígbà náà. Ọ̀kan ń gbé agbọ̀n kalẹ̀, èkejì ń retí ẹ̀dà. Gbogbo ilé ọnà tí mo mọ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà tọkàntọkàn pé ìdí agbọ̀n ni àwọn wà, bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀dà ni wọ́n jókòó sí.

Mo wí bẹ́ẹ̀ nítorí ó ti ṣe mí rí. Ilé ọnà kan gbà mí lálejò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ 42 gééré. Iṣẹ́ kan wà tí mo ti ń rò fún ọdún méjì, mo sì rò pé àyè rẹ̀ dé. Ọjọ́ 3 ni mo fi gúnlẹ̀, tí mo fi fọwọ́ sí ìwé, tí mo fi mọ ibi tí nǹkan wà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní kí n kọ́ àwọn ọmọ iléèwé níṣẹ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀, ìyẹn gba ọjọ́ 6. Wọ́n ní kí n bá aráàlú sọ̀rọ̀: ọjọ́ 2. Àwọn olówó tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ fẹ́ rí mi: ọjọ́ 3. Wọ́n ní kí n ṣí sítúdíò sílẹ̀ fún èrò nígbà tí àkókò náà dé ìdajì, mo sì ní láti kó nǹkan jọ kí ojú má baà tì mí: ọjọ́ 5. Àfihàn wà níparí: ọjọ́ 10. Ẹ bá mi rò ó. Ọjọ́ 13 ló ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí mo sì ń di ẹrù, wọ́n rán mi létí pé ìwé àdéhùn ní kí n fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ gbọ́ mi yé o: ènìyàn dáadáa ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti wá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá owó, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìròyìn, ìkọ̀ọ̀kan sì kéré lójú ẹni tó béèrè. Kò sí ẹnì kan tó jókòó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn alábòójútó pé kí àlejò tó dé, kí ẹnì kan mú kàlẹ́ńdà, kí ó kọ gbogbo ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ sí i, kí ó sì ka ọjọ́ tó kù. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ojú máa ń ti ènìyàn nígbà tó bá ṣe é tán.

Mo mọ ibi tí ìbéèrè wọ̀nyẹn ti ń wá pẹ̀lú. Ilé ọnà náà ní ẹni tó ń jíhìn fún. Fọ́ọ̀mù tí olówó ìrànwọ́ ń fi ránṣẹ́ ń bèèrè iye èrò tó wá, iye ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe, iye iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde. Kò sí àpótí kankan lórí fọ́ọ̀mù náà tí ènìyàn lè kọ ọ́ sí pé: oníṣẹ́-ọnà wa ronú. Bẹ́ẹ̀ ọnà òde-òní gan-an ni irú èyí ń pa lára jù, torí iṣẹ́ náà kì í sábà jẹ́ ère tàbí àwòrán tí ènìyàn ti mọ bí yóò ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀, ohun tí oníṣẹ́-ọnà bá níbẹ̀, ni iṣẹ́ ti ń jáde. Báwo ni yóò ṣe sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí kò tíì dé?

Àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n rí èyí kedere ní 1966. Barbara Steveni, pẹ̀lú John Latham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, dá Artist Placement Group sílẹ̀. Wọ́n ń fi oníṣẹ́-ọnà sí ilé-iṣẹ́ ńlá àti ọ́fíìsì ìjọba, kì í ṣe láti ya àwòrán sára ògiri ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, bí kò ṣe láti wà níbẹ̀, kí wọ́n máa wò, kí wọ́n máa ronú. Ilé-iṣẹ́ náà ni yóò máa san owó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àdéhùn wọn ni pé kò sọ ohun tí oníṣẹ́-ọnà gbọ́dọ̀ mú jáde. Garth Evans tó jẹ́ agbẹ́re wà ní ilé-iṣẹ́ irin British Steel láti 1969 sí 1971 lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ, pé àyíká ibi tí iṣẹ́ ti ń wáyé jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ìdajì, a jẹ́ pé ẹni tí a kò fún ní àyè láti mọ àyíká, ìdajì ọwọ́ la fi jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Níbi tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè ṣe kí n má dárúkọ Mierle Laderman Ukeles. Láti 1977 ló ti jẹ́ oníṣẹ́-ọnà àlejò ní ẹ̀ka tó ń kó ìdọ̀tí ní ìlú New York, láìgba owó oṣù. Láàárín 1979 sí 1980, ó lọ káàkiri ìlú náà, ó sì bọ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yẹn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn, bíi 8,500. Bó bá ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á sọ fún un pé: ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí New York kú. Ó gbà á ní ohun tó sún mọ́ ọdún kan. Ẹ rò ó wò pé ẹnì kan lọ bá a ní oṣù kẹta, nígbà tó ti bọ ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lọ́wọ́, tó ní àfihàn dà, kí ni a fẹ́ gbé kọ́ ògiri? Kò sí nǹkan kan láti gbé kọ́. Ìbọwọ́ ẹni tó kẹ́yìn kò tíì wáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí aráàlú máa ń yí ojú kúrò lára wọn rí ẹnì kan tó dúró, tó wò wọ́n lójú, tó dúpẹ́. Mo ti rí iṣẹ́ ọnà púpọ̀ láyé mi. Díẹ̀ ni mo bọ̀wọ̀ fún tó báyìí.

Mi ò sọ pé kí onílé má fẹ́ nǹkan kan o. Onílé tí kò fẹ́ nǹkan kan kò sí. Nígbà tí wọ́n mọ ògiri la Berlin já ní 1961, apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà dá wà bí erékùṣù, ẹ̀rù sì ń ba àwọn aláṣẹ pé ìyè fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ní 1963, pẹ̀lú owó Ford Foundation, àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń fúnni lówó ìrànwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníṣẹ́-ọnà, òǹkọ̀wé àti àwọn tó ń kọ orin láti gbogbo ayé wá gbé ibẹ̀. Kò pẹ́ tí DAAD, àjọ ilẹ̀ Jámánì, fi gba ètò náà, ó sì ń lọ títí di òní. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló bí i, kò sẹ́ni tó fi bò. Síbẹ̀, ohun tí ìlú náà ń fẹ́ kò ju pé kí àlejò wà níbẹ̀ lọ: kí ó gbé ilé tí wọ́n fún un, kí ó máa jáde, kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Ìjókòó rẹ̀ gan-an ni ẹ̀san. Àìní ńlá ni ìlú náà ní, bẹ́ẹ̀ kò fi jẹ àkókò àlejò tán.

Àfihàn ìparí náà kò burú fúnra rẹ̀. Ẹ wo Studio Museum, ilé ọnà tó wà ní Harlem nílùú New York, tí wọ́n ṣí ní 1968. Ayàwòrán William T. Williams ló mú àbá wá pé kí sítúdíò wà nínú ilé náà fún àwọn oníṣẹ́-ọnà aláwọ̀ dúdú tí àwọn ilé ọnà ńlá kò ka sí. Ìyẹn ni orúkọ sítúdíò ṣe wà lára orúkọ ilé náà. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń yàn lọ́dún kan, àfihàn sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ oṣù ni wọ́n ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Njideka Akunyili Crosby, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, wà níbẹ̀ láàárín 2011 sí 2012. Simone Leigh tó jẹ́ agbẹ́re wà níbẹ̀ láàárín 2010 sí 2011. Ní 2022 ló gba Kìnnìún Wúrà ní Venice, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún oníṣẹ́-ọnà tó kópa nínú àfihàn àgbáyé ibẹ̀. Ọdún 11 ló wà láàárín. Fọ́ọ̀mù olówó ìrànwọ́ wo ló lè dúró fún ọdún 11 kó tó béèrè èsì?

Ibi tí oníṣẹ́-ọnà fúnra rẹ̀ bá ti dá ìgbàlejò sílẹ̀, ó sábà máa ń mọ ohun tó ṣe pàtàkì. Anthony Caro, tó ń fi irin ṣe ère, pẹ̀lú Robert Loder tó máa ń ra iṣẹ́ ọnà jọ, bẹ̀rẹ̀ Triangle ní ìpínlẹ̀ New York ní 1982: ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-ọnà lójú kan, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 1985, David Koloane àti Bill Ainslie gbé irú rẹ̀ lọ sí Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì pè é ní Thupelo. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nígbà náà, dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ jọ wà, wọ́n sì jọ ń ya àwòrán. Bruce Onobrakpeya bẹ̀rẹ̀ Harmattan Workshop ní Agbarha-Otor ní 1998. Ilé tí Yinka Shonibare dá sílẹ̀, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan lórí oko lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò ní 2022. Níbi tí ọjọ́ bá ti kéré, bíi ti Triangle, àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀ ni ẹ̀bùn tòótọ́. Rijksakademie ní Amsterdam tún yàtọ̀: ọdún méjì ni àlejò lè lò níbẹ̀, bàrékè àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe sítúdíò, wọ́n sì ní àwọn ọ̀jáfáfá tó mọ irin, igi, amọ̀ àti ìwé títẹ̀, tí oníṣẹ́-ọnà lè lọ bá nígbàkígbà pé, mo fẹ́ kí nǹkan yìí dúró láìṣubú, kí ni kí n ṣe? Otobong Nkanga wà níbẹ̀ láti 2002 sí 2004. Onímọ̀ tó ní sùúrù nínú ilé ọnà níye lórí ju fèrèsé ńlá lọ.

Ọ̀rọ̀ owó wá. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí kò ṣòro láti yé ènìyàn, ó kàn ṣòro láti ṣe ni. Owó ilé tí oníṣẹ́-ọnà ń san kì í dúró nígbà tó bá rìnrìn àjò. Bí ẹ bá fún un ní yàrá láìfún un ní owó, ẹni tó ti lówó tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò lè wá, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀bùn iṣẹ́ ọwọ́ lẹ fi yàn. Ẹgbẹ́ W.A.G.E. tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 2008 ti ń jà fún èyí, pé kí ilé ọnà máa san owó iṣẹ́ fún oníṣẹ́-ọnà bó ṣe ń san ti agbẹjọ́rò àti ti akunlé. Àwọn ibì kan tún wà tó jẹ́ pé oníṣẹ́-ọnà ló ń sanwó fún wọn kí wọ́n tó gbà á. Ẹ máa pe ìyẹn ní ilé háyà. Kò sí ohun tó burú nínú ilé háyà, àmọ́ kí a má fi orúkọ ìgbàlejò bò ó.

Ta ni ó sì lè fi ilé sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta? Ní 2012, Lenka Clayton, oníṣẹ́-ọnà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ń tọ́mọ lọ́wọ́. Kò sí ètò tó lè gba òun àti ọmọ bó ṣe ń fẹ́. Ó wá dá ìgbàlejò sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, ó pè é ní ìgbàlejò oníṣẹ́-ọnà nínú ìyá-jíjẹ́. Àkókò tí ọmọ bá fi sùn ni àkókò sítúdíò. Ìdíwọ́, àárẹ̀, ọkàn tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, gbogbo rẹ̀ ló sọ di ohun èlò iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ìyá mìíràn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, mo lọ ka fọ́ọ̀mù tiwa. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní àlejò kò gbọdọ̀ mú ọmọdé wá. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́. A ti yọ ọ́ kúrò, a sì tún yàrá kejì ṣe.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n san gbèsè tí mo jẹ yín.

Ní ilé ọnà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a gba àlejò kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìwé àti pẹ́ńsù̀lù ló fi ń ṣiṣẹ́. A to tábìlì sílẹ̀ fún un, a ra ìwé ńláńlá. Ó dé, ó kí wa, ó wọ sítúdíò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé náà wà ní wíwé bí a ṣe rà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bákan náà. Ara mi kò balẹ̀ mọ́, nítorí olówó ìrànwọ́ ti ń béèrè fọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Mo ní mo wá wo iná. Mo ní mo wá béèrè bóyá ó fẹ́ àga mìíràn. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ni mo wá wò. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọlé, ojoojúmọ́ ló ń fi sùúrù dá mi lóhùn, ó sì máa ń dúró lẹ́bàá ògiri. Nígbà tí mo béèrè ohun tí a ó fi han àwọn èrò, ó ní òun kò tíì mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìjíhìn pé àlejò náà kò lo àǹfààní tó ní dáadáa. Gbólóhùn yẹn ṣì wà nínú fáìlì.

Ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, a pe akunlé, nítorí àlejò mìíràn ń bọ̀. Ìlà pẹ́ńsù̀lù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, pẹ̀lú nọ́ńbà kéékèèké. A rò pé ẹni tó fẹ́ kan pákó mọ́ ògiri ló wọn nǹkan. A kun ún lẹ́ẹ̀mejì, ó funfun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní fún ọjọ́ 33, ní wákàtí wákàtí, òun ń fi pẹ́ńsù̀lù tọ etí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé lára ògiri náà, pé iṣẹ́ tí òun wá ṣe nìyẹn, pé òun ń fẹ́ fọ́tò rẹ̀ kí a tó kun yàrá. Ó ní òun kò tiẹ̀ rò pé ó yẹ kí òun ṣàlàyé, torí òun mọ̀ pé mo ti rí i. Ojoojúmọ́ ṣáà ni mo ń wọlé.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú yàrá yẹn, onílé ni.

Fọ́tò kan ṣoṣo la rí, èyí tí òṣìṣẹ́ wa kan yà nítorí páìpù tó ń jò. Igun ògiri kan hàn níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà bíi mẹ́wàá. Mo fi ránṣẹ́, mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó dáhùn, ó gbà á, kò sọ̀rọ̀ líle kankan sí mi.

Láti ìgbà náà, ìwé àdéhùn wa kò ju ojú ìwé kan lọ. Ohun kan ṣoṣo ni a lè béèrè lọ́wọ́ àlejò, ohun náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìkéde kí ó tó kọ̀wé sí wa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kì í bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ rí i, a ó fi ìwé sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Lórí fọ́ọ̀mù, níbi tí a ti ń béèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè dáhùn pé òun kò tíì mọ̀. Bí àlejò bá sì lọ, a kì í fọwọ́ kan yàrá náà fún ọjọ́ 7. A ó ya fọ́tò ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ àti àjà, a ó fi ránṣẹ́ sí i, a ó sì bi í pé: ǹjẹ́ nǹkan kan ṣẹ́ kù níbí tó jẹ́ tìrẹ?

Ẹni àkọ́kọ́ tí a bi ní ìbéèrè yẹn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A yọ ọ́, a fi òwú wé e, a fi ránṣẹ́ sí i.